Kànga Kún, Àmù Gbẹ

Àbíọ́dún lorúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tó sì ti ṣẹ̀ mí ń run ata gbígbẹ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà tó já sí Takie. Nísàlẹ̀ wa, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti èlùbọ́ fún àwọn oníbàárà láti òwúrọ̀. Lókè, àwa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn fún àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké tó wà káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ìyẹ̀fun ata a máa gba ojú fèrèsé wọlé, yóò bà lé tábìlì, yóò bà lé ìwé. Bí ẹnì kan bá sín, gbogbo ọ́fíìsì yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Yàrá tí kọ̀ǹpútà ńlá wa wà nìkan ni a dí gbogbo ihò rẹ̀, síbẹ̀ bí o bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn ata àti ti báátìrì ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí atẹ́gùn ẹ́síì tó kàn ọ́ lójú. Títí di òní olónìí, bí wọ́n bá ń yan ata nínú ilé ìdáná mi ní Ọ̀yọ́, àyà mi a já. Mo máa ń rò pé nǹkan tún ti kú, pé ẹnì kan ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbì kan, pé èmi ni wọn yóò bi.

Jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ fún ọ. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí àwọn olùkọ́ wa ṣì máa ń bi obìnrin tó bá wọ kíláàsì wọn bóyá ó ṣìnà ni. Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyá mi lọ. Mo ṣe iṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé ó parí, kí ọkùnrin tó ni ilé-iṣẹ́ tí mo ń wí yìí tó wá bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun dá a sílẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ètò tó ń gbé èsì àyẹ̀wò láti yàrá àyẹ̀wò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kí ó tó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tán, dókítà ní Ọ̀yọ́ ti rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í pe orúkọ òyìnbó tí a fún un. "Ètò Mọ́mì" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, bí orúkọ ẹni ṣe ń wà lára ilé tí ènìyàn fi òógùn kọ́. Fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí orúkọ náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Àbíọ́dún kì í ṣe àjèjì sí mi. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi jù lọ láyé. A jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, a jọ pín ọṣẹ ìfọṣọ, a jọ sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gé irun wa. Nígbà tí ọmọ náà jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, òun ló fà á lọ́wọ́ wá sí ilé mi. Ó ní, "Mú un dání. Kọ́ ọ bí ìgbà tí o bá ń kọ́ ọmọ inú rẹ." Mo kọ́ ọ. Orí rẹ̀ pé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. A máa jókòó tì mí, a máa jẹ ẹ̀pà, a máa bi mí ní ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá ńláńlá kì í ronú bi. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Ìbàdàn, ó lo ìgbà díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà wá, ó ti dá irùngbọ̀n sí, ó ti ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu, ọ̀gá wa sì ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Èmi tó máa ń pè ní "Mọ́mì mi" tẹ́lẹ̀ wá di "Mà" lásán.

Kọ̀nténà wà lára ọ̀rọ̀ tuntun tó mú bọ̀. Kì í ṣe èyí onírin tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì o. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ló ń gbé pọ̀ bí ọmọdé tó sùn sórí ẹní kan; ẹsẹ̀ ọ̀kan yóò wà ní ikùn èkejì. Kọ̀nténà ni pé kí a la ilé náà sí yàrá-yàrá, kí ètò kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá tirẹ̀, kí a sì pín oúnjẹ fún un: ìwọ, mẹ́mọ́rì tí o máa lò kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ. Bí ètò kan bá jẹ kọjá ìpín rẹ̀, ẹ̀rọ yóò pa á lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe pé oúnjẹ ṣì kún inú ìkòkò ńlá. Ohun tó dára ni. Èmi fúnra mi fọwọ́ sí i. Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń bá nǹkan tuntun jà, bí wọ́n tilẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í lọ́jọ́ tó kó ètò mi wọ inú kọ̀nténà: "Bíọ́dún, báwo ni èyí tí o bù fún un ṣe pọ̀ tó?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó tó o, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò tó. Kò pẹ́ rárá tí ètò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú ní kùtùkùtù, kì í kú nírọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá gòkè díẹ̀, tí gbogbo yàrá àyẹ̀wò ń rọ́ èsì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ni yóò dákẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀, yóò tún jí fúnra rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ṣùgbọ́n èsì tó wà lójú ọ̀nà nígbà tó kú ti ṣòfò. Wọn yóò tún gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, wọn yóò tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí fóònù mi ni wọ́n sì ń pè sí, nítorí orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a máa pè mí, a máa pariwo sí mi létí: "Mọ́mì, ọmọ yín tún ti sùn o! Ẹ wá bá wa wọ́n omi sí i lójú. Aboyún wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, dókítà ní òun ò ní fọwọ́ kàn án láìrí èsì." Mo máa ń bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ orí mi, èmi ni mò ń bẹ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi.

Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, èmi ni ǹ bá wọlé lọ wo ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Àbíọ́dún ti pààrọ̀ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù. Ó ní nítorí ààbò ni. Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi gbé sójú rẹ̀, mo wá di àlejò tó ń kàn án.

"Bíọ́dún, lọ wo ìpín tí o fún ètò yìí. Ó jọ pé ìpín rẹ̀ ló ń tán."

"Mo ti wo mẹ́mọ́rì, Mà. Ó ṣẹ́kù yanturu."

"Níbo lo ti wò ó?"

"Níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó, Mà."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọ̀gá fi pe ìpàdé.

Yàrá ìpàdé wa kéré, wọ́n sì ti àwọn fèrèsé pa nítorí ata, ooru wá mú wa bí ẹni tó wà nínú ààrò. Ọ̀gá jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù fẹ̀yìn ti ògiri. Àbíọ́dún tan pírójẹ́kítọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun, ó wọ inú kọ̀nténà tí ètò mi wà, ó sì tẹ àṣẹ kan tó máa ń sọ bí mẹ́mọ́rì ṣe ṣẹ́kù tó. Àwọn nọ́ńbà yọ lára ògiri, wọ́n tóbi tó orí ọmọdé.

"Ọ̀gá, inú kọ̀nténà gan-an ni mo wà yìí," ó wí. "Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Ètò yìí ò tíì jẹ ìdajì oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀. Ebi kọ́ ló ń pa á, sà. Àìsàn ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ò dáa."

Mo wo nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tó ń sọ àpapọ̀ mẹ́mọ́rì. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń já kọ̀ǹpútà ńlá náà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Nọ́ńbà odindi ẹ̀rọ ni. Kò sì sí ẹni tó máa bu odindi ẹ̀rọ fún ètò kan ṣoṣo. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé àṣẹ tó tẹ̀ yẹn kò mọ̀ pé wọ́n ti la ilé sí yàrá. Inú yàrá ló ti ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ló ń sọ.

"Bíọ́dún," mo ní, "inú yàrá lo dúró sí, àmọ́ kànga ìta lò ń wò. Wo inú àmù."

Ẹ̀rín ta. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Mọ́mì ti gbé ìtàn dé!" Òmíràn ní, "Kànga kẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà? Abájọ tí ètò náà fi ń rì!" Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, bóyá yóò yé wa."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Mo ní ìwọ̀n méjì ló wà, ti ẹ̀rọ lápapọ̀ lọ́tọ̀, ti kọ̀nténà lọ́tọ̀. Mo ní ibì kan wà tí ẹ̀rọ máa ń kọ ìpín kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú iye tó ti lò nínú rẹ̀. Pé bí ẹ̀rọ bá sì pa ètò kan nítorí àjẹjù, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni òun pa á. Mo ní kí ó ṣí ibẹ̀. Ìlà kan péré ni yóò tẹ̀. Bí ìlà yẹn bá fi hàn pé irọ́ ni mò ń pa, màá gbé báàgì mi, màá máa lọ sílé.

Àbíọ́dún ò wojú mi. Ọ̀gá ló kọjú sí. "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, Mọ́mì ń gbìyànjú. Nǹkan ti yí padà láti ìgbà tiwọn ni."

"Ṣí i," mo ní. "Ṣí i kí gbogbo wa rí i."

"Ó tó, Mọ́mì," ni ọ̀gá wí. "Ẹnjiníà ti fi hàn wá. Ojú wa náà ló rí i lára ògiri yìí." Ó ká ìwé ìròyìn tó fi ń fẹ́ra, Àbíọ́dún pa iná pírójẹ́kítọ̀, ògiri sì di ògiri lásán.

O lè bi mí pé kí ló gbé ọ̀rọ̀ àmù wá sẹ́nu mi níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Kànga kan wà láàárín àgbàlá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìyálé ilé a máa fi páànù dé e, a máa fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà ní eteetí ìró rẹ̀. Láàárọ̀ yóò ṣí i, yóò fa omi fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kún àmù kan péré, ìbáà jẹ́ pé o bímọ rẹpẹtẹ, ìbáà jẹ́ pé o kò bí rárá. Lẹ́yìn náà yóò tún tì í pa. Ìyá mi ló lọ́mọ jù nínú wọn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àmù tiwa a ti gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa mú òórùn amọ̀ tútù wá sí wa nímú.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi mú àlejò pàtàkì kan bọ̀ láti ọjà, ó yà sí ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ní kí wọ́n bu omi fún àlejò. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní omi ti tán. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ilé, ó na ọrùn wo àgbàlá. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ìyálé ṣí kànga nígbà náà, ó ń fa omi tirẹ̀. Garawa kún, ó ń dà sílẹ̀. "Omi rèé tó ń ṣòfò níta yìí," bàbá mi ní, "o ní kò sómi? Omi lásán lo fi ń ṣahun sí àlejò mi?" Ìyálé fara ti etí kànga, kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi ò ki ọwọ́ bọ inú àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò pàápàá kò ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ahun-omi nínú agbo ilé wa. Orúkọ yẹn bá a dọ́jọ́ alẹ́. Níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbààgbà méjì tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá tí èmi fowó ara mi rà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìpàdé yẹn, kì í ṣe ẹ̀rín wọn nìkan ni mò ń gbọ́.

Wọn kò lé mi. Àwa kì í lé àgbà. A máa ń se oúnjẹ fún un ni, kí a tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ọ̀gá ní mo ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, ó tó àkókò kí n lọ máa wo àwọn ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi ìdágbére náà sí. Wọ́n ra kéèkì, wọ́n ra mínírà, wọ́n ra aago ògiri kan tí wọ́n tẹ àwòrán mi sí, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ aago ń gba imú mi kọjá. Ọ̀rẹ́ mi, ìyá Àbíọ́dún, wọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́. Òun ló gbàdúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo kọ́ ọmọ òun dójú àmì. Wọ́n ní kí a dúró de Àbíọ́dún kí a tó gé kéèkì, nítorí ó ṣì wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. A dúró títí tí ìyá rẹ̀ fi lọ kàn án. Ó jáde, òórùn báátìrì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi fún fọ́tò. Ẹ̀yìn mi ló dúró sí, mi ò rí ojú rẹ̀. Aago náà wà nílé mi. Ògiri ni mo kọ ojú rẹ̀ sí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ètò náà ò kú mọ́. Nọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu mímú yẹn ló fi tó mi létí. Kò ní ibi lọ́kàn, inú rẹ̀ ń dùn ni. "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ mà ga o! Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ètò yẹn ò sùn mọ́. Àbí ẹ gbé oorun rẹ̀ lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù létí mi. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè tún odindi ètò kọ láàárín Jímọ̀ sí Ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan ló bu kún ìpín rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí padà, ìyẹn nọ́ńbà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wò. Ṣùgbọ́n báwo ni wàá ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún ìlú? Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé mo wà níbẹ̀, nǹkan ń kú. Mo kúrò níbẹ̀, nǹkan wá yè. Wọn ò wulẹ̀ ní láti dárúkọ ohun tí wọ́n rò pé mo jẹ́. Àwọn tó bá dà bíi tèmi, tórí wọn ti funfun, mọ bí ìlú ṣe ń parí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá, kò fèsì. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé rẹ̀, mo fi àmù àti kànga ṣàlàyé fún un, nítorí ó mọ ìyá mi, ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọmọ mi ní ẹ̀rọ ò ṣaláìní nǹkan kan. Ojú gbogbo wọn ló rí i." A tún pàdé ní Akẹ̀sán lẹ́yìn ìyẹn, níwájú àwọn aláṣọ. Mo kí i, kò dáhùn. Nígbà tí mo kọjá lọ díẹ̀ ló sọ ọ́ sí ẹ̀yìn mi: "Èmi tí mo fọwọ́ ara mi fa ọmọ lé ọ lọ́wọ́! O ò fẹ́ kó gòkè jù ọ́ lọ." Àwọn aláṣọ ń ká aṣọ, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bó ṣe di pé kò wọ ilé mi mọ́ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó kúrò lórí ìjókòó tí a jọ ń jókòó sí láti ìgbà tí a ti lọ́kọ, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohùn orin rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, a máa ṣì í kọ níbi tó ti máa ń ṣì í kọ láti kékeré.

Ohun kan ló mú mi gbé e. Mo sọ fún ara mi pé àìmọ̀kan ni. Àṣìṣe yẹn pọ̀ lágbàáyé. Mo ti rí àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ju Àbíọ́dún lọ tí wọ́n wọ inú kọ̀nténà, tí wọ́n ka nọ́ńbà gbogbo ẹ̀rọ, tí wọ́n sì fi búra. Mo ní ọmọ náà kò mọ̀, pé ó fi ìgbéraga bo àìmọ̀ rẹ̀, bí gbogbo ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ṣeé gbé jù. Mo fi àìmọ̀kan rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, mo ń sùn lé e.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, eruku bo ohun gbogbo, ètè mi ti là. Ọkọ̀ kan dúró. Àbíọ́dún ló bọ́ sílẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun nínú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì tẹ̀lé e, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó dé fìlà funfun, tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo mọ̀ kí wọ́n tó lanu. A kì í fi fóònù tú ọ̀fọ̀ fún ọ̀rẹ́ èwe ẹni. Ẹnu sí ẹnu ni. Bàbá náà kí mi kú ilé, kú ọyẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ, ó yí ọ̀rọ̀ náà po títí, kó tó ní, "Ìyá, ọ̀rẹ́ yín ti ṣíwájú wa." Mi ò sunkún. Mo bi wọ́n bóyá ó jìyà. Wọ́n ní ó dùbúlẹ̀ díẹ̀. Bàbá náà ní àkókò ìrun ti tó, ó ní kí n fún òun lómi àlùwàlá, mo fún un ní kẹ́tù, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó wá ku èmi àti Àbíọ́dún.

Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀. "Màámi dárúkọ yín nígbẹ̀yìn, Mà."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Kí lo sì dá a lóhùn?"

"Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n máa sinmi."

Mò ń gbọ́ ìró omi láti ẹ̀yìnkùlé, bàbá náà ń ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ro ti ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tó béèrè, tí kò rí ìdáhùn, tó sì lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ṣe ohun tí mi ò tíì ṣe rí. Mo na ìrọ̀rí mi sí ọmọ rẹ̀. Mo ní, "O ò mọ̀ nígbà náà, Bíọ́dún. Àwọn tó jù ọ́ lọ pàápàá ń ṣi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò." Mo rò pé yóò gbà á. Mo fẹ́ kó gbà á. Ó mi orí pé rárá.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá mi ni mo fi ọmọ yìí wé, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wo kànga, tó rò pé òun ti wo àmù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ lórúkọ burúkú títí dé ibojì, síbẹ̀ wàá rí ibì kan nínú ara rẹ tí o lè fi àánú rẹ̀ sí. Mi ò ronú kan ìyálé rí. Ìyálé tó fara ti etí kànga mọ ohun tó wà nínú àmù kọ̀ọ̀kan, nítorí òun ló bù ú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá sọ. Mi ò bi ìyá mi rí, nígbà ayé rẹ̀, èwo nínú àwọn méjèèjì ni kò lè dárí jì. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bàbá arúgbó náà ti ń pe Ọlọ́run rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ohùn rẹ̀ rọ̀, nígbà tí Àbíọ́dún gbé ojú sókè sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pírójẹ́kítọ̀ yẹn.

"Mo wò ó, Mà," ó ní. "Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, tí ẹ ń dúró dè mí kí ẹ tó gé kéèkì, àmù yẹn ni mò ń wò. Ó ti gbẹ, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo wí lọ́kàn mi pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ ná, kí n tó bu omi kún un."